Pọ́dà funfun tí lébẹ́ẹ̀lì rẹ̀ ti pa rẹ́: ẹ bá mi ka FTIR yìí

Ìpara_Múṣin

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà láàbù. Ọ̀rá pọ́dà funfun mẹ́ta wà nílẹ̀ níbí tí omi ti pa lébẹ́ẹ̀lì wọn rẹ́. Rìsíìtì sọ pé benzoic acid, sodium benzoate àti methylparaben (àwọn èròjà tí kì í jẹ́ kí ìpara bàjẹ́) ni a rà, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó mọ èwo ni èwo mọ́. Inú ìpara tí àwọn ènìyàn máa fi pa ara ni wọ́n ń lọ, nítorí náà mi ò fẹ́ méfò.

Wọ́n fi FTIR (ẹ̀rọ tó ń fi ìmọ́lẹ̀ infrared mọ irú ìdè tó wà nínú mólékù) bá mi yẹ ọ̀kan wò ní láàbù kan ní Yábàá. KBr (potassium bromide, iyọ̀ tí infrared ń gbà kọjá) ni wọ́n lò: pọ́dà 2 mg sínú KBr 200 mg, wọ́n fi ẹ̀rọ tẹ̀ ẹ́ ní tọ́ọ̀nù 8. Pẹ́lẹ́ẹ̀tì náà ṣú díẹ̀. Àwọn píìkì (ibi tí pọ́dà ti mu ìmọ́lẹ̀) tó jáde rèé, cm⁻¹ (iye ìgbì nínú sẹ̀ǹtímítà kan) ni gbogbo wọn:

3430 (ó fẹ̀, kò jìn)
3100 sí 2500 (ìlà rì gbọọrọ níbẹ̀, 2835, 2674 àti 2561 yọrí díẹ̀díẹ̀ nínú rẹ̀)
2360 àti 2341
1688 (òun ló lágbára jù)
1635 (ó fara ti ẹ̀gbẹ́ 1688)
1602, 1584, 1454, 1424
1384 (tín-ín-rín, ó mú ṣóńṣó)
1326, 1293
935 (ó fẹ̀)
708, 668

Bí mo ṣe kà á nìyí: OH ní 3430, C=O ní 1688, CH₃ ní 1384. Methylparaben ní mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Èyí tó rú mi lójú ni 2360. Ó jọ nitrile (ìdè C≡N), bẹ́ẹ̀ kò sí nitrile nínú ìkankan nínú ohun tí a rà. Ẹ jọ̀ọ́, ṣé kí n kọ methylparaben sára ọ̀rá yìí?

Onípara_Ìdúmọ̀tà

Kọ ọ́, àbúrò. C=O ti ester (irú èyí tí paraben jẹ́) lásán máa ń wà ní 1735 sí 1750. Tí ó bá lẹ̀ mọ́ òrùka benzene, ó máa ń wálẹ̀ sí nǹkan bí 1720. Ti paraben tún máa ń sọ̀ kalẹ̀ sí nǹkan bí 1680, torí pé OH mólékù kan ń di C=O mólékù kejì mú. OH rèé, C=O tó wálẹ̀ rèé. Kí ló tún kù?

Olùkọ́_Akọ́kà

Ẹ̀gbọ́n Ìdúmọ̀tà, òótọ́ lẹ sọ nípa C=O paraben, ṣùgbọ́n ohun tí ẹ sọ yẹn gan-an ni kò jẹ́ kí 1688 lè dá ẹjọ́ yìí. C=O ti benzoic acid náà ń jáde láàárín 1680 sí 1690. Píìkì tó lágbára jù lórí ìwé ni kò lè yà wọ́n sọ́tọ̀, nítorí náà ẹ jẹ́ ká gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ná.

Ẹ wo OH. Nínú methylparaben, OH ti phenol (OH tó lẹ̀ mọ́ òrùka benzene) máa ń jáde ní nǹkan bí 3300. Ó máa ń dá dúró, ó máa ń lágbára, ẹ sì lè fi ìka tọ́ ibi tó ti bẹ̀rẹ̀ àti ibi tó parí sí. OH ti carboxylic acid kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Mólékù acid méjì máa ń kọjú síra wọn, OH ti èkíní á di C=O ti èkejì mú, OH ti èkejì náà á di C=O ti èkíní mú, wọ́n á wá di dimer. Ìdè hydrogen yìí lágbára débi pé O–H fúnra rẹ̀ á dẹ̀, nínà rẹ̀ á wálẹ̀, píìkì rẹ̀ á sì fẹ̀ láti nǹkan bí 3300 títí dé 2500, á bo C–H mọ́lẹ̀. Ohun tí ẹ kọ pé "ìlà rì gbọọrọ" láti 3100 sí 2500 nìyẹn. 2674 àti 2561 tó yọrí nínú rẹ̀ jẹ́ overtone àti combination (ìlọ́po àti àpapọ̀ àwọn mímì mìíràn) tí Fermi resonance (mímì méjì tó sún mọ́ra tó ń ran ara wọn lọ́wọ́) gbé sókè. Ibi tí wọ́n bá ti wà pẹ̀lú C=O, acid ni kí ẹ kọ́kọ́ fọkàn sí. Methylparaben kò ní wọn.

Lẹ́yìn náà, 935. Píìkì tó fẹ̀ láàárín 960 sí 900 nínú irú ìwé yìí ni O–H inú dimer tó ń tẹ̀ síta kúrò lójú pẹrẹsẹ òrùka acid méjèèjì. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló ń fojú fò ó torí pé ó wà nísàlẹ̀, bẹ́ẹ̀ ẹ̀rí tó lágbára ni.

Òrùka náà ní ẹ̀rí tirẹ̀. Benzene tí nǹkan kan ṣoṣo lẹ̀ mọ́ máa ń fi C–H tó ń tẹ̀ síta hàn ní nǹkan bí 700 sí 710, bí 708 yín. Èyí tí nǹkan méjì lẹ̀ mọ́ ní para (ní ìdojúkọ ara wọn lórí òrùka) máa ń fi tirẹ̀ hàn láàárín 800 sí 860. Ti methylparaben wà ní nǹkan bí 850. Mi ò rí nǹkan kan ní 850 nínú ohun tí ẹ kọ. Methylparaben tún máa ń ní píìkì líle kan ní nǹkan bí 1510, torí oxygen tó wà ní para. Òun náà kò sí.

Benzoic acid ni mo ń wò. Ṣùgbọ́n 3430 àti 1635 gbọ́dọ̀ ní àlàyé kí a tó pa ìwé dé.

Ọmọ_Ṣúrùlérè

2360 kì í ṣe nitrile. Nitrile máa ń wà láàárín 2220 sí 2260, ẹyọ kan ló máa ń jẹ́. Méjì tó so kọ́ra ní 2360 àti 2341 ni carbon dioxide inú afẹ́fẹ́ láàbù. Àárín wọn wà ní 2349, níbi tí mólékù CO₂ ti ń nà, tí apá kan ń gùn bí èkejì ti ń kúrú. Tí wọ́n bá ka background (kíkà láìsí pọ́dà nínú ẹ̀rọ), tí ènìyàn wá mí sínú ẹ̀rọ kí wọ́n tó ka pọ́dà, ó máa jáde. 668 náà tirẹ̀ ni, ibẹ̀ ni CO₂ ti ń tẹ̀. Ẹ pa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta rẹ́.

Ẹlẹ́rọ_Ìkẹjà

Ọmọ_Ṣúrùlérè, ẹ gba 2360 àti 2341, ẹ má tíì gba 668. Benzoic acid ní píìkì tirẹ̀ ní nǹkan bí 667, ibi tí CO₂ ti ń tẹ̀ gan-an. Bí ẹ ṣe máa mọ̀ ni pé kí ẹ tún background kà, kí ẹ dúró kí afẹ́fẹ́ inú ẹ̀rọ fara balẹ̀, kí ẹ wá ka pọ́dà. Tí 2349 bá lọ tí 668 sì dúró, ti pọ́dà ni. Ti CO₂ tín-ín-rín bí abẹ́rẹ́. Ti acid fẹ̀ jù ú lọ díẹ̀.

Ó wá ku 3430 àti 1635. Omi ni. KBr ń mu omi láti inú afẹ́fẹ́, afẹ́fẹ́ Èkó kò sì ṣaláì ní omi, pàápàá ní apá ọ̀sà. 3430 ni O–H omi tó ń nà, 1635 ni H–O–H tó ń ṣí tó ń pa dé bíi ṣísọ́ọ̀sì. Àwọn méjèèjì máa ń rìn pọ̀. Bí ẹ bá rí èkíní tó fẹ̀, tí èkejì tẹ̀lé e, ẹ fura sí omi kí ẹ tó pè é ní alcohol tàbí phenol. Pẹ́lẹ́ẹ̀tì tó ṣú náà ń sọ ohun kan náà.

1384 tó tín-ín-rín tó sì mú yẹn, nitrate ni. Ó wọ́pọ̀ bí ìdọ̀tí nínú KBr. CH₃ kì í dá jáde ní 1384 láìmú C–H tó ń nà ní 2960 àti 2870 dání. CH₃ tó wà lára oxygen nínú methylparaben kò tiẹ̀ ń gbé ibẹ̀, nǹkan bí 1435 ni tirẹ̀.

Tí wọ́n bá máa tún KBr ṣe, kí wọ́n lo KBr tí wọ́n ṣe fún spectroscopy. Kí wọ́n tẹ́ ẹ pẹrẹsẹ sínú àwo, kí ó wà nínú ààrò 110 °C fún wákàtí mẹ́ta ó kéré tán, mọ́júmọ́ ló dára jù. Kí ó tutù nínú desiccator (àpótí tí omi afẹ́fẹ́ kì í wọ̀) tí silica gel rẹ̀ ṣì jẹ́ búlúù. Èyí tó ti di pínkì ti mu omi yó, kò wúlò fún nǹkan kan mọ́. KBr nìkan ni kó wọ ààrò o. Kí wọ́n má ṣe kó pọ́dà náà sínú rẹ̀ láti gbẹ ẹ́: benzoic acid máa ń di afẹ́fẹ́ láìdi omi rárá, á sì lọ lẹ̀ mọ́ ara ààrò, á ba KBr tó wà níbẹ̀ jẹ́.

Kí wọ́n kọ́kọ́ lọ pọ́dà 1 mg nìkan nínú odó agate títí tí hóró rẹ̀ ò fi ní dán mọ́, kí wọ́n tó da KBr 150 mg sí i, kí wọ́n pò wọ́n kíákíá. Lílọ ọ́ pẹ́ lẹ́yìn tí KBr ti wọlé ló ń jẹ́ kí omi wọ̀ ọ́. Tí hóró bá tóbi ju 2 µm lọ, ó ti ń sún mọ́ ìgùn ìgbì ìmọ́lẹ̀ náà, á máa tú u ká: ìlà ìsàlẹ̀ á rì sí apá 4000, ẹ̀gbẹ́ kan píìkì á sì ga ju ẹ̀gbẹ́ kejì lọ. Nínú móòdù 13 mm, kí wọ́n fa afẹ́fẹ́ jáde fún ìṣẹ́jú méjì, kí wọ́n tẹ̀ ẹ́ ní tọ́ọ̀nù 8 sí 10 fún ìṣẹ́jú méjì mìíràn, kí wọ́n sì tú u díẹ̀díẹ̀. Tí a bá tú u lójijì, ó máa ń là. Ìdí tí mo fi ní 1 mg dípò 2 mg ni pé 1688 gbọ́dọ̀ ní ìsàlẹ̀ tó ṣe é rí. Píìkì tó bá balẹ̀ sórí òdo tó sì tẹ́ pẹrẹsẹ kò ní nọ́ńbà tó ṣe é gbọ́kàn lé.

Ọmọ_Ṣúrùlérè

Kí ló dé tí a tún ń jìyà lórí KBr? Tí láàbù náà bá ní ATR oní-diamond (ọ̀nà FTIR tí a fi ń ka pọ́dà lórí òkúta diamond), ẹ bu pọ́dà bíńtín sórí rẹ̀, ẹ tẹ orí rẹ̀ mọ́ ọn, ẹ kà á. Kò sí KBr, kò sí omi KBr, kò sí nitrate.

Ẹlẹ́rọ_Ìkẹjà

Mo fara mọ́ ATR fún iṣẹ́ yìí, ṣùgbọ́n ẹ mọ ohun tí ẹ máa rí. Ìmọ́lẹ̀ ATR kì í wọ pọ́dà jinlẹ̀: ní 1000 cm⁻¹, nǹkan bí 2 µm ló ń wọ̀, ní 3000 kò tó bẹ́ẹ̀. Nítorí náà àwọn píìkì apá 700 á lágbára ju ti KBr lọ, àwọn ti apá 3000 á rọ̀. Diamond fúnra rẹ̀ ń mu ìmọ́lẹ̀ láàárín 2300 sí 1900, ariwo ibẹ̀ kì í ṣe ti pọ́dà. Ẹ fi isopropanol nu ojú rẹ̀, ẹ jẹ́ kó gbẹ pátápátá, ẹ ka background, kí ẹ tó gbé pọ́dà sí i. Tí láàbù bá ní polystyrene fíìmù, kí wọ́n kọ́kọ́ kà á: 1601 àti 1028 gbọ́dọ̀ bọ́ sí àyè wọn.

Ohun kan tún wà fún ẹni tó ń lo ẹ̀rọ ní Èkó. Bí iná bá lọ tí AC sì kú, ẹ má ṣí ibi tí a ń gbé sample sí. Díńgí tó ń pín ìmọ́lẹ̀ nínú ọ̀pọ̀ FTIR, KBr ni wọ́n fi ṣe é, omi afẹ́fẹ́ sì ń jẹ ẹ́. Tí iná bá dé, ẹ fún ẹ̀rọ ní ọgbọ̀n ìṣẹ́jú sí wákàtí kan, ẹ wá ka background tuntun. Background tí ẹ kà kí iná tó lọ ti di àtijọ́.

Akẹ́kọ̀ọ́_Àgégé

Ẹ jọ̀ọ́ ẹ̀yin olùkọ́, ìbéèrè kan. Kí ló dé tí dídì tí wọ́n di OH mú ṣe ń mú nọ́ńbà rẹ̀ wálẹ̀? Mo rò pé ohun tí a bá dì mú máa ń le sí i ni.

Olùkọ́_Akọ́kà

Ìbéèrè tó dára gan-an ni. Ẹ wo ìdè láàárín átọ́mù méjì bíi sípíríìngì. Nǹkan méjì ló ń pinnu bí ó ṣe ń yára mì: bí sípíríìngì náà ṣe le tó, àti bí ohun tó wà ní ìkángun rẹ̀ méjèèjì ṣe wúwo tó. Sípíríìngì tó le ń gbé nọ́ńbà sókè, ìwọ̀n tó wúwo ń fà á wálẹ̀, gbòǹgbò oníméjì ni ìṣirò rẹ̀ sì ń bá lọ. Ìdí nìyí tí C≡C fi wà ní nǹkan bí 2150, C=C ní 1650, C–C ní nǹkan bí 1000: átọ́mù kan náà ni, líle ìdè ló yàtọ̀. Bí ẹ bá sì fi deuterium (hydrogen tó wúwo ní ìlọ́po méjì) rọ́pò hydrogen, líle kò yí padà, ìwọ̀n ló yí: C–H tó wà ní 2950 á bọ́ sí nǹkan bí 2165, O–H tó wà ní 3400 á bọ́ sí nǹkan bí 2500. Ọ̀nà tó dára nìyẹn láti mọ̀ bóyá píìkì kan jẹ́ ti OH ní tòótọ́: ẹ fi D₂O (omi oní-deuterium) pò ó, ẹ gbẹ ẹ́, ẹ tún un kà.

Nínú ìdè hydrogen, oxygen mólékù kejì ń fa hydrogen sọ́dọ̀ ara rẹ̀. Hydrogen náà á jìnnà díẹ̀ sí oxygen tirẹ̀, ìdè O–H á dẹ̀, nínà rẹ̀ á sì wálẹ̀. Ohun tí ẹ ń rò nípa líle bá títẹ̀ mu: ó ṣòro sí i fún O–H láti tẹ̀, nítorí náà nọ́ńbà títẹ̀ rẹ̀ ń gòkè. Nínà wálẹ̀, títẹ̀ gòkè. C=O acid náà ń wálẹ̀ fún ìdí kan náà. Tí mólékù acid kan bá dá wà nínú afẹ́fẹ́ láìní ẹnìkejì, C=O rẹ̀ máa ń sún mọ́ 1760; nínú dimer, á bọ́ sí 1710; tí òrùka benzene bá tún kún un, á bọ́ sí 1685.

Kí ó sì yé wa pé kì í ṣe gbogbo mímì ló ń hàn. Mímì gbọ́dọ̀ yí dipole mólékù (bí iná + àti − ṣe pín nínú rẹ̀) padà. Mímì mẹ́rin ni CO₂ ní, ṣùgbọ́n èyí tí oxygen méjèèjì ń nà síta pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà kò hàn nínú infrared rárá. N₂ àti O₂ kò hàn pẹ̀lú, ìdí sì nìyẹn tí a fi lè ṣiṣẹ́ yìí nínú afẹ́fẹ́.

Ìpara_Múṣin

Ẹ ṣeun púpọ̀. Wọ́n ti fi ATR ka ọ̀rá náà. 3430, 1635 àti 1384 ti lọ pátápátá, 2360 náà ti lọ. Ohun tó wà báyìí: ìlà tó rì láti 3100 sí 2500 pẹ̀lú 2671 àti 2558, 1679, 1601, 1583, 1453, 1421, 1323, 1287, 932, 704, 684, 666. Kò sí 1510, kò sí 850. Ṣùgbọ́n 1688 ti di 1679, ẹ̀gbọ́n Ìdúmọ̀tà sì ti ní 1680 ni ti paraben. Ìyẹn ń dà mí láàmú.

Ẹlẹ́rọ_Ìkẹjà

Kó má dà yín láàmú. ATR ló fà á wálẹ̀. Píìkì tó lágbára bíi C=O máa ń sún sísàlẹ̀ nínú ATR torí pé refractive index pọ́dà (bí ó ṣe ń tẹ ìmọ́lẹ̀) ń yí padà gan-an níbi tó ti ń mu ìmọ́lẹ̀. 1293 tó di 1287 náà bẹ́ẹ̀ ni. Àwọn tí kò lágbára, bíi 1602 àti 1584, kò fẹ́rẹ̀ẹ́ kúrò lójú kan. Ẹ fi ATR wé ATR, ẹ fi KBr wé KBr, ẹ má pò wọ́n. 668 (tó di 666 báyìí) sì dúró lẹ́yìn tí 2360 lọ, nítorí náà ti pọ́dà ni.

Onípara_Ìdúmọ̀tà

Mo gbà báyìí. 932 pẹ̀lú 704, tí kò sì sí 850, kì í ṣe ti paraben. Ẹ jẹ́ kí n fi ohun tí kò nílò ẹ̀rọ kún un, torí ọ̀rá méjì ṣì kù.

Ẹ bu bíi 0.1 g sínú omi mímọ́ 3 mL. Sodium benzoate á yòrò lójú ẹsẹ̀. Benzoic acid àti methylparaben kò ní fẹ́rẹ̀ẹ́ yòrò. Tí ẹ bá wá kán hydrochloric acid tó ti là sínú èyí tó yòrò, nǹkan funfun á dì sísàlẹ̀: benzoic acid ló padà jáde yẹn. Fún àwọn méjì tí kò yòrò, ẹ bu 0.1 g mìíràn sínú omi sodium bicarbonate 5%. Benzoic acid á hó, á sì yòrò. Methylparaben kò ní hó, torí acid inú rẹ̀ kò lágbára tó láti lé carbon dioxide jáde.

Ẹ má gbára lé ibi tí wọ́n ti ń yọ́ nìkan o. Benzoic acid ń yọ́ ní 122 °C, methylparaben ní 125 sí 128. Ìdọ̀tí díẹ̀ nínú paraben lè fà á wálẹ̀ sí 122. Tí ẹ bá fẹ́ lò ó, ẹ pò ó mọ́ benzoic acid tó dájú ní ìdọ́gba: tí àpòpọ̀ náà bá ṣì ń yọ́ ní 122, ohun kan náà ni, tí ó bá wálẹ̀ gan-an, ohun méjì ni.

Olùkọ́_Akọ́kà

Fún FTIR ọ̀rá méjì tó kù: nínú sodium benzoate, ẹ má retí C=O ní 1690 rárá. Nígbà tí hydrogen kúrò, oxygen méjèèjì di dọ́gba, wọ́n ń pín ìdè náà láàárín ara wọn, C=O yẹn wá di píìkì méjì: ọ̀kan ní nǹkan bí 1550, èkejì ní nǹkan bí 1410. Ìlà tó rì láti 3100 sí 2500 á lọ, 935 á lọ, 710 á dúró torí òrùka náà kò yí padà. Methylparaben á fi 3300, 1680, 1605, 1587, 1510 àti 850 hàn. Tí ẹ bá rí 1690 àti 1550 pọ̀ nínú ọ̀rá kan, acid àti iyọ̀ rẹ̀ ló dàpọ̀ mọ́ra. Ẹ má lò ó.

Ìpara_Múṣin

Ọ̀rá kejì yòrò, ó sì dì nígbà tí acid kàn án. Ẹ̀kẹta kò yòrò, kò hó. Wọ́n á fi ATR ka méjèèjì kí n tó kọ orúkọ sí wọn. Pẹ́lẹ́pẹ́lẹ́ ni mo máa ṣe é.

Onípara_Ìdúmọ̀tà

Ẹ ṣọ́ pH ìpara náà pẹ̀lú. Benzoic acid àti sodium benzoate kì í pa kòkòrò bí kò ṣe nígbà tí acid náà ṣì wà lódindi. Ní pH 4.2, ìdajì rẹ̀ ló wà bẹ́ẹ̀. Ní pH 6, kò tó 2%. Tí ìpara yín bá wà ní 6 tàbí 7, ọ̀rá kẹta ni kí ẹ mú, kò gbọdọ̀ jẹ́ ti àkọ́kọ́ tàbí ti kejì.